A KÒ SỌNÙ: Èsì fún àwọn tí wọ́n ní ìrìn etí òkun kì í ṣe tiwa

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Ní ìpàdé àwọn òbí tí a ṣe kẹ́yìn, a mú àbá kan wá pé kí á kó àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé, àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 13 sókè, lọ sí etí òkun Essex, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà orí odi òkun láti Bradwell-on-Sea dé Burnham-on-Crouch. Kí a tó parí ọ̀rọ̀, ariwo ti sọ. Bàbá kan dìde, ó ní, "Ṣé ká lè wá máa rìn nínú ẹrẹ̀ la ṣe fi ilé sílẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá kan ní kí á kúkú fi owó náà kún ti àríyá ìparí ọdún. Ẹnì kẹta, àgbà tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ló wá fi òǹtẹ̀ lù ú: "Nǹkan òyìnbó ni. Kì í ṣe àṣà wa."

A gbé àbá náà tì lọ́jọ́ náà, nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn sì ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbà. Inú ìwé ìròyìn yìí kò ní ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè tì mọ́ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á sọ tẹnu wa tán.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ibi tí à ń wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kí ènìyàn tó rí aginjù etí òkun ní ilẹ̀ yìí, àfi kí ó rìn títí dé Scotland. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Romford, tó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Shenfield àti ní Wickford, yóò dé Southminster, níbi tí irin ti tán. Mọ́tò ni yóò gbé e láti ibẹ̀ dé Bradwell. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ni, omi ni, ojú ọ̀run ni. Dengie ni wọ́n ń pe àgbègbè náà. Odi amọ̀ gíga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ láti dá òkun dúró, orí odi yìí sì ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbà. Bí o bá kọjú sí gúúsù, irà oníyọ̀ ló tẹ́ lọ bí ẹní lápá òsì rẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹrẹ̀ gbalasa tí òkun ń bò mọ́lẹ̀ tí ó sì tún ń fà kúrò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru kan. Oko ọkà tí ojú kò rí òpin rẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún. Fún nǹkan bíi máìlì 15, tàbí kí ó lé, kò sí abúlé, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹ̀rọ omi. Nígbà òtútù, àwọn ẹyẹ dúdú kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí òyìnbó ń pè ní brent goose, máa ń fò wá jẹun níbẹ̀ láti Siberia. Wọn kì í gba físà, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe.

Níbi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ilé ìsìn St Peter wà, òun nìkan lórí pápá, ó kọjú sí òkun. Bíṣọ́ọ̀bù Cedd ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 654. Òkúta tó ṣẹ́ kù lára odi ológun àwọn ará Róòmù ló fi kọ́ ọ. Ó wà lára àwọn ilé ìsìn tó pẹ́ jù lọ tó ṣì dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A sọ èyí fún àwọn tí wọ́n bi wá pé kí ni Ọlọ́run wá kan nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ ti lọ rin ọ̀nà náà wò kí á tó dá àbá, nítorí pé ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. A kò ní purọ́, ìyà jẹ wá díẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun kò dákẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọ̀kan nínú wa, màmá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wá, nítorí ó rò pé "ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀" tí a wí, ọ̀dà ni wọ́n dà sí i. Kí á tó rin máìlì mẹ́rin, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ọ̀tún ti yanu bí ẹja. Okùn tí a fi di abọ́ mọ́ínmọ́ín ni a fi so ó. Omi tí a gbé dání kò sì tó. Ẹ̀bi wa nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi òkun.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, a rí bàbá òyìnbó kan àti ajá rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Òun nìkan ni ènìyàn tí a rí láti àárọ̀. Ó kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ló béèrè, tìfẹ́tìfẹ́, bóyá a ti sọnù ni. Màmá oníbàtà ló dá a lóhùn pé a kò sọnù o, à ń najú ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí apá ibi tí Burnham wà, ó bá tirẹ̀ lọ.

A ti ń ro ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà. Bàbá yẹn kò bú wa. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ: ní gbogbo ọdún tó ti ń fa ajá kiri lórí odi yẹn, bóyá ni ó ti rí ènìyàn dúdú mẹ́rin pa pọ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ̀bi ta ni? Ìdajì ẹ̀bi náà jẹ́ ti ilẹ̀ yìí, a ó sì dé orí rẹ̀. Ìdajì yòókù jẹ́ tiwa, òun ni a sì fẹ́ kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kì í ṣe àṣà wa, ta ló ni ọ̀rọ̀ tí màmá sọ yẹn? Najú. Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wa. Na ojú ni, kí ènìyàn jáde nílé, kí ó na ojú rẹ̀ lọ jìnnà, kí ó rí ohun tí kò sí ní àgbàlá rẹ̀. Ṣé ìran tí kì í rìn ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn alájàpá ń ti ọjà dé ọjà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló ru aṣọ títà kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n dé ibi tí mọ́tò kò tí ì dé. Ọdẹ ń sun igbó. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ìwé náà sì ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí gan-an ní ọjọ́ Sátidé. À ń yin Àkàrà-ògùn fún wọn pé ó láyà, ó wọ igbó irúnmalẹ̀. Bí wọ́n bá wá ní kí àwọn náà wọ irà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ẹyẹ àti akàn lọ, a ní rárá, òtútù á mú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kò yẹ onígbàgbọ́ kó máa rìn kiri aginjù, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń gun orí òkè àdúrà bí ẹ bá lọ sílé? Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gun Òkè Èrìó ní Èkìtì, tàbí tó gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, títí orúnkún rẹ̀ fi ń gbọ̀n, tó dé òkè tó rí gbogbo ayé nísàlẹ̀, ẹni náà ti ṣe ohun tí a ní kí àwọn ọmọ lọ ṣe. Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ yìí náà máa ń wọ́ lọ sí ilé ìsìn Bradwell yẹn lọ́dọọdún nínú oṣù keje.

Ṣùgbọ́n bàbá tó sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀, a kò lè fi ẹ̀rín dá a lóhùn bí àwọn ènìyàn ṣe fi ẹ̀rín gbà á. A tọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn ìpàdé. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun wà ní kékeré, máìlì márùn-ún ni òun ń rìn lọ sí ilé ìwé, márùn-ún ni òun ń rìn bọ̀, láìwọ bàtà. Bí òun bá sì délé, oko ló kàn, igi ìdáná ló kàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìrìn kì í ṣe eré lójú tèmi. Ìyà ni. Torí kí ọmọ mi má baà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ alẹ́." Ọ̀rọ̀ tó wúwo nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwa náà tó ń kọ ìwé yìí ló jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ó tún wúwo ju bí bàbá náà ṣe sọ ọ́ lọ. Etí òkun gan-an, ní ti ìran wa, kì í ṣe ibi fàájì nìkan. Ní 1821, nígbà tí ogun kó Ọ̀ṣoogùn, okùn ni wọ́n fi so Àjàyí, ọmọ tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Láti ọwọ́ olówó kan sí èkejì, ó dé Èkó, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní Àgbádárìgì, a ṣì lè wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, kí á rin orí iyanrìn náà títí dé ibi tí òkun ńlá ti ń bú, ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àlọ-ì-bọ̀. Bí àgbà Yorùbá bá gbọ́ "ìrìn etí òkun" tí ara rẹ̀ sì bù máṣọ, a kò bá a wí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rò ó síwájú díẹ̀. Kí ló sọ ìrìn Àjàyí di ìyà? Ṣé ẹsẹ̀ ni, tàbí okùn? Kí ló sọ ìrìn bàbá wa di ìyà? Ṣé ọ̀nà ni, tàbí àìsí bàtà, àìsí oúnjẹ, àìsí ọ̀nà mìíràn? Ẹni tí wọ́n dè mọ́ okùn kò yan ibi tí ó ń lọ. Ọmọ tí yóò jẹ ẹgba bí ó bá pẹ́ dé ilé ìwé kò yan ìgbà tí yóò dúró wo ẹyẹ. Ọmọ tí a fẹ́ mú lọ sí Dengie yóò wọ bàtà tó dára, yóò gbé oúnjẹ dání, yóò dúró níbi tó bá wù ú, bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, yóò ráhùn títí, kò sẹ́ni tí yóò nà án. Bí a bá ní nítorí pé wọ́n fi ìrìn jẹ àwọn baba wa níyà kí ọmọ wa má rìn mọ́, ẹni tó so okùn náà ló ṣì ń darí ẹsẹ̀ wa. Àwọn tó ń lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù lónìí, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ iyanrìn yẹn lọ tí wọ́n sì ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé nǹkan òyìnbó ni.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ bó tilẹ̀ ń ta wá lára. Ìrìn máìlì márùn-ún yẹn, àwa kan náà la máa ń fi ṣe fọ́ńté nílé. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Dagenham tí kò tí ì gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá ní iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀, "nígbà tèmi, máìlì márùn-ún!" Bí ó bá ní oúnjẹ kò dùn, "nígbà tèmi, máìlì márùn-ún!" Tí a bá ti sọ ọ́ tán, a ó wọ mọ́tò gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwé tó wà ní ìkángun òpópónà. A kò lè fi ìrìn yangàn kí á tún fi du ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó rin tirẹ̀, kí òun náà lè rí èyí tí yóò fi dá àwọn ọmọ rẹ̀ lágara.

Wàyí o, ìdajì ẹ̀bi tó jẹ́ ti ilẹ̀ yìí. Ní 2006, ẹgbẹ́ BNP, àwọn tí kò fẹ́ rí àwọ̀ wa, wọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Barking àti Dagenham, wọ́n gba ìjókòó 12. Ní 2010, ìbò gbá gbogbo wọn jáde láìku ẹyọ kan. Àwọn tó wà níhìn-ín nígbà náà rántí bí a ṣe máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n tètè wọlé, kí wọ́n má gba ibi tó dá. Ewu ọjọ́ náà kọjá, ṣùgbọ́n ìwà náà ti mọ́ wa lára. Ilé, ilé ìwé, ilé ìsìn, gbọ̀ngàn àríyá: àárín ibi mẹ́rin yìí ni ọmọ ń dàgbà sí. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, nínú ènìyàn márùn-ún ní àdúgbò wa yìí, ó ju ẹyọ kan lọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. A kì í ṣe àlejò mọ́. Ta ni a ń sá fún?

A kò sọ pé kò sí àwọn tí inú wọn kò dùn láti rí wa lórí òkè àti ní pápá. Ní 2019, ìwádìí tí ìjọba ní kí Julian Glover ṣe lórí àwọn ilẹ̀ ẹlẹ́wà orílẹ̀-èdè yìí fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, funfun àti dúdú, ló ka ìgbèríko sí ti aláwọ̀ funfun. Nígbà Kérésìmesì 2021, tí àwọn ẹgbẹ́ Muslim Hikers lọ rìn lórí àwọn òkè Peak District, èébú ni àwọn kan fi dá wọn lọ́lá nígbà tí wọ́n rí àwòrán wọn. Wọn kò tìtorí èébú jókòó sílé. Ní ọdún 2019 kan náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rhiane Fatinikun (ẹ wo orúkọ ìdílé rẹ̀ dáadáa) dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀, kí àwọn obìnrin dúdú lè máa rìn pọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òun kò dúró de ìpàdé àwọn òbí kí wọ́n tó fún un láṣẹ.

Ẹ̀tọ́ tí à ń sọ yìí, kì í ṣe pé àwọn olówó ilẹ̀ yìí kàn fi ta àwọn ènìyàn wọn lọ́rẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1932, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ wọ orí òkè Kinder Scout ní túláàsì, nítorí pé àwọn onílẹ̀ ti tì í pa fún ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ìjà bẹ́ẹ̀ ló bí òfin 1949 àti ti 2000, òfin 2009 sì ni ó ní kí wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, nǹkan bíi máìlì 2,700. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí ní Lẹ́kkí, níbi tí a ti ń san owó ní géètì kí á tó fi ojú kan òkun tí Ọlọ́run dá, ó yẹ kí ó mọ iyì èyí.

Ẹ wá wo máàpù ọ̀nà náà. Ní ìhà àríwá odò Thames, Tilbury ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bá odò tó ń ti òkè bọ̀ láti àárín ìlú London sì tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, àwa ni! Barking, tí ọkọ̀ apẹja rẹ̀ kún òkun ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Creekmouth, níbi tí ọkọ̀ Princess Alice ti rì lọ́ọ̀ọ́kán ní 1878 tí ó pa ènìyàn tó lé ní 600. Dagenham, tí ilé iṣẹ́ Ford ti wà létí odò láti 1931. Ọgbà ilé iṣẹ́ àti wáyà ló dí púpọ̀ nínú etí odò wa títí dòní. Wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun sí Barking Riverside, reluwé àti èbúté ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀ ní 2022. Etí omi yóò di ti ẹnì kan láìpẹ́. Bí ó bá di ti àwọn tó ń rìn ín nìkan, kí á má wí pé a kò gbọ́.

A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ojú rí odi yẹn pẹ̀lú, nítorí ohun mìíràn. Ilẹ̀ tí à ń gbé yìí, òkun fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ní 1707, odò Thames fọ́ odi ní Dagenham, ó bo pápá mọ́lẹ̀, ó sì lé ní ọdún 10 kí Kápútẹ́ẹ̀nì John Perry tó rí ojú ibẹ̀ dí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní 1953, òkun dìde ní gbogbo ìlà-oòrùn, ó pa ènìyàn tó lé ní 300 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi wọ ilé àwọn ará Creekmouth. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé odi ga sí i. Ẹni tó bá ń rìn lórí odi Dengie, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ̀, ìran dé ìran. Ẹ wá rántí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ń jẹ lójoojúmọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé, ilé ìwé, itẹ́ òkú. Ọmọ Yorùbá tí yóò di ẹnjiníà, níbo ni yóò ti kọ́kọ́ rí bí a ṣe ń bá òkun ja ìjà ọgọ́rùn-ún ọdún, bí a bá ní kí ó má dé etí òkun?

Àwọn tó ń bẹ̀rù àìsàn náà wà. Wọ́n ní irà kò dára. Nígbà kan, òótọ́ ni. Daniel Defoe, nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tó jáde láti 1724, kọ ọ́ pé ibà pọ̀ ní irà Essex yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan lè fẹ́ ìyàwó mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀léra, nítorí bí wọ́n bá ti mú obìnrin wá láti òkè ni ibà ń pa á. (Àwa rò pé àwọn ará ibẹ̀ fi Defoe ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.) Ṣùgbọ́n ibà gidi ni, ibà ẹ̀fọn bíi tiwa, ó sì ti kásẹ̀ ńlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó la ibà ilé kọjá, tó wá ń bẹ̀rù irà Essex lónìí, a kò mọ ohun tí a ó pè é.

Ewu tó wà, a mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ ni, àìtó omi mímu ni, àti ẹrẹ̀ òkun. Ọmọ kankan kò ní sọ kalẹ̀ láti orí odi lọ sórí ẹrẹ̀, ìbáà ṣe torí bọ́ọ̀lù tàbí torí àwòrán, nítorí bí òkun bá ń padà bọ̀, kì í sáré, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ẹ̀yìn yí ènìyàn ká. A ó wo ìwé àkókò òkun kí á tó yan ọjọ́. Àgbà kan yóò wà fún ọmọ mẹ́rin. A kò ní dé ọ̀nà Broomway ní Foulness, tó gba inú ẹrẹ̀ òkun gan-an kọjá, tó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyẹn kì í ṣe fún wa. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tó ọdún 13, a ó kó wọn lọ sí Rainham, tòsí ibi. Pápá tí àwọn ṣọ́jà ti ń kọ́ ìbọn yíyìn nibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ olùdáàbòbò ẹyẹ, RSPB, rà á ní 2000, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 2006. Ní ti owó, kí ìyá tó sọ̀rọ̀ àríyá jọ̀ọ́ dárí jì wá, ṣùgbọ́n owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tí a rà ní ọdún tó kọjá yóò gbé ju ọmọ kan lọ dé Bradwell, yóò sì kù.

Bàbá tó sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ti ní òun ń ro ó. A kò tí ì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè irú bàtà tó yẹ kí ènìyàn wọ̀, ó sì béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì, ti ọmọ rẹ̀ àti èyí tó tóbi jù ú lọ.

A ó tún mú àbá náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó sì dìbò. Ẹ wá. Bí ó bá wọlé, iwájú ibùdókọ̀ Dagenham Heathway ni ọkọ̀ yóò ti gbéra ní aago méje àárọ̀. Kí olúkúlùkù gbé ẹ̀wù òjò, ìbọ̀sẹ̀ méjì, omi tó pọ̀ àti oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́. Aago méje tí a wí, aago òyìnbó ni.